Bíbímọ kò wo PCOS sàn

Ó ń dùn mí pé ìgbàgbọ́ yìí kò tán nílẹ̀: pé àìrọ́mọbí nìkan ni ìyọnu àìsàn họ́mọ́nù obìnrin tí a ń pè ní PCOS, àti pé ẹni tó bá ti gbé ọmọ pọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pé nǹkan oṣù máa ń ṣe ségesège, tí irun sì ń hù sí àgbọ̀n, ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni a kì í sọ tó, wọn kì í sì í bá ọmọ jáde kúrò nínú ara.

Èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Wọ́n ti gún mi níka, ṣúgà mi dára, n kò sì sanra.” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí a fara balẹ̀ tú. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, títí kan àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, ínsúlínì, họ́mọ́nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ara a sì máa tú u jáde lọ́pọ̀ yanturu kí ṣúgà má bàa lọ sókè. Níwọ̀n ìgbà tí agbára ara bá ṣì ká a, àyẹ̀wò òwúrọ̀ kí a tó jẹun lè máa dára fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ínsúlínì tó pọ̀ jù náà ń mú kí ilé ẹyin pèsè họ́mọ́nù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí ìlànà àgbáyé ti ọdún 2023 lórí PCOS fi ka àyẹ̀wò mìíràn sí èyí tó péye jù: obìnrin náà yóò mu glúkóòsì gíràmù 75, wọn yóò sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Ó ní kí a tún ṣúgà yẹ̀ wò láàárín ọdún kan sí mẹ́ta, kí a sì máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Nọ́ńbà kan ṣoṣo láti ìka kò lè rọ́pò èyí.

Ní ti ọkàn fúnra rẹ̀, ó yẹ kí n ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ìlànà kan náà gbà pé ewu àrùn ọkàn pọ̀ fún àwọn tó ní PCOS ju fún àwọn obìnrin yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó ní ewu náà kéré nígbà tí nǹkan oṣù kò tíì dáwọ́ dúró. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ìwádìí ń tọ̀ lẹ́yìn, àrùn ọkàn sì sábà máa ń dé lọ́jọ́ alẹ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé àtọ̀gbẹ irú kejì pọ̀ láàárín wọn ju láàárín ẹgbẹ́ wọn lọ, àtọ̀gbẹ sì ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta àgbo tí yóò “yọ́ kókó” inú ilé ẹyin; kì í ṣe kókó, àpò ẹyin kéékèèké tí kò dàgbà tán ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì tún lóyún, kí ó tètè sọ fún àwọn agbẹ̀bí pé òun ní PCOS, kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò glúkóòsì náà fún un nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá fún ìtọ́jú oyún, bí wọn kò bá tíì ṣe é kó tó lóyún, kí wọ́n sì tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, bí oyún àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ mú ìṣòro kankan wá.