Ibi tí okùn béèsì ti já ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ okùn béèsì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìyẹn jìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí okùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ́ E, A, D àti G, láti orí èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, torí látìgbà tí mo ti ń tún jìtá ṣe ní Kàbà níbí, kò sí ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi tó "okùn ti já", ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ owó táwọn ọmọ wa ń kó lé okùn tuntun ni kò yẹ kí wọ́n ná rárá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi láti Ìyàrà nígbà òjò tó kọjá, òun ló ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn G mi tún ti já o, ìgbà kẹta rèé." Láàrin oṣù mẹ́rin ó ti ra odindi sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, torí wọn kì í sábà tú okùn béèsì tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀kan bá já àfi kẹ́ ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun. Mo ní okùn tó já náà ńkọ́? Ó ní òun ti jù ú nù. Mo ní kó padà lọ wá a. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú un dé, ó tún mú èyí tó já ṣáájú rẹ̀, tó ti fi so ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Nígbà tí mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibì kan náà ni wọ́n ti já, kò fi irun orí yàtọ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí okùn ti gun bírííjì, ìyẹn irin tí okùn jókòó lé nísàlẹ̀ béèsì. Mo fi èékánná họ ibẹ̀ lára béèsì rẹ̀, ó ha mí lọ́wọ́. Irin kékeré kan ló yọ ẹnu síta níbẹ̀, kò tó ẹ̀gún ọsàn, òun ló ti ń jẹ okùn láti ọjọ́ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé okùn kì í déédéé já, ojú ibi tó ti já sì ni ẹ ó ti rí ohun tó já a. Ẹ má jù ú nù.

Okùn béèsì kì í ṣe wáyà kan ṣoṣo o. Wáyà irin líle tín-ín-rín kan wà láàrin, òun ni egungun rẹ̀, wọ́n wá fi wáyà míì wé e yípoyípo, lórí okùn E ó lè jẹ́ ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè wúwo, kó sì lè dún nísàlẹ̀. Bó ṣe nípọn lójú yẹn, egungun inú yẹn ló ń ru ẹrù, tó bá ti sán, ó parí. Ẹrù yẹn kì í sì í ṣe kékeré: lórí béèsì tó wọ́pọ̀, tí okùn rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 34 láti nọ́ọ̀tù, ìyẹn ibi tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn, dé bírííjì, okùn kan ń fa nǹkan bíi kìló 16 sí 23, ẹ pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀ tó rọ̀ mọ́ igi yẹn tọ̀sán tòru, yálà ẹ ń ta á ni o tàbí ó wà nínú àpò.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe okùn náà pé kó gbé e. Ìdí nìyẹn tí okùn béèsì kì í fi í tètè já bíi ti jìtá kékeré. James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown ní Amẹ́ríkà láyé 1960 sí 1970, okùn tí ojú rẹ̀ tẹ́jú ló ń lò, kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ àfi tó bá já. Nítorí náà tí tiyín bá ń já léraléra, ó ní nǹkan tó ń gé e.

Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nídìí bírííjì ló ti já, bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, irin tí okùn jókòó lé ni kẹ́ ẹ wò. Okùn G ló máa ń kọ́kọ́ kú níbẹ̀ torí òun ló tín-ín-rín jù, ìgbà 98 ló sì ń mì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan tẹ́ ẹ bá ta á gbọrọ. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa dún fún orin oníṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún 23 ìgbà tó fi ìdí kan náà gún irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn. Ṣé ẹ rántí bá a ṣe máa ń ṣẹ́ wáyà nígbà tí kò sí púláyà nílé, tá a máa ń tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn lójú kan náà títí táá fi gbóná táá sì ṣẹ́? Ohun tí bírííjì yẹn ń ṣe fún okùn nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni, láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe: ẹ dẹ okùn, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ká sánpépà tó kúnná gan-an, bíi nọ́ńbà 600 tàbí 1000, sára abẹ́rẹ́ tàbí igi tín-ín-rín, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ nínú ojú ihò tí okùn ń gbà kọjá títí ìka ò fi ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ má fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá ṣe é o, mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ihò á jìn jù, okùn á wá máa kan irin ọrùn, á máa dún ṣìrìṣìrì, wàhálà míì nìyẹn. Láti mọ̀ bóyá ó ti dán, ẹ fi òwú funfun kan gba ibẹ̀ kọjá, tó bá há, ó ṣì kù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mi ò tiẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ọmọ Ìyàrà yẹn.

Tó bá jẹ́ òkè ló ti já, nídìí pẹ́ẹ̀gì tá a fi ń yí okùn, ọwọ́ ẹni tó so ó ni kẹ́ ẹ wò. Àwọn kan á fi okùn sílẹ̀ gbọrọ, á wá yí i mọ́ pẹ́ẹ̀gì lẹ́ẹ̀mẹ́fà lẹ́ẹ̀méje, ìkan gun ìkan bí ìgbà tí wọ́n di ẹrù igi. Àwọn míì á gé e kúrú débi pé kò yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gbogbo ẹrù wá dúró síbi tó ti ṣẹ́ kọrọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀nà tó dáa ni kẹ́ ẹ fa okùn kọjá pẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ tó bí ínǹṣì mẹ́rin, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ gé e, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gé e, torí tẹ́ ẹ bá gé e láì tẹ̀ ẹ́, wáyà òde lè tú kúrò lára egungun, okùn á sì kú láì tíì dún. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ihò tó wà láàrin pẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ wá yí i ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó máa sọ̀ kalẹ̀, kó má gun ara wọn.

Ẹ tún wo ara páálí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á. Okùn béèsì kúkúrú wà, ti gígùn wà. Tẹ́ ẹ bá fi ti gígùn sórí béèsì kúkúrú, apá tó nípọn lẹ ó máa ká mọ́ pẹ́ẹ̀gì, kò sì yẹ kó ká bẹ́ẹ̀, á là.

Ó wá ku èyí tó ká mi lára jù, torí ilé Ọlọ́run wa ni mo ti ń rí i jù. Ẹni tó ń dárí orin á gbé ohùn sókè lójijì, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù á kàn tẹ bọ́tìnì tó ń yí kíì, ìyẹn ìpele ohùn tí orin wà, tiẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ta béèsì tí kò mọ̀ ju kíì C àti F lọ, kí ló máa ṣe? Á yí pẹ́ẹ̀gì. Á gbé gbogbo okùn sókè ní ìdajì ohùn, tí orin bá tún gòkè á tún yí i, tí ìsìn bá parí á dẹ̀ ẹ́ padà, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ gbọ́ o, ìdajì ohùn kan péré ń fi bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kún ẹrù tó wà lára okùn. Ìdajì méjì, ó ti di 26. Ìdajì mẹ́ta, ó ti lé ní 40. Okùn tó ti gbó tẹ́lẹ̀ ò lè gbà á, èyí tí kò bá sì já lọ́jọ́ náà, fífà àti dídẹ̀ yẹn ti ń rẹ̀ ẹ́ nínú. Ẹ̀yin àbúrò mi, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ bí ìka ṣe ń rìn lórí ọrùn béèsì. Ohun kan tó dùn lára béèsì ni pé bí ìka ṣe rìn ní kíì F, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa rìn ní F#, tó fi ìdajì ohùn ga ju F lọ, ẹ kàn sún un síwájú ní fúrẹ́ẹ̀tì kan ni, ìyẹn irin tó dábùú ọrùn béèsì, tẹ́ ẹ bá ti lè ta á láì lo okùn òfìfo, ìyẹn okùn tí ìka kankan ò tẹ̀. Oṣù kan péré lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Fóònù tí ọ̀pọ̀ fi ń túùnù náà máa ń ṣini lọ́nà. Okùn E ń mì ní ìgbà 41 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn yẹn ti wà nísàlẹ̀ jù fún ọ̀pọ̀ gbohùngbohùn fóònù, pàápàá tí wọ́n bá ń dán ìlù wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, á máa fo kiri, ẹ̀yin náà á máa yí pẹ́ẹ̀gì lọ sókè títí. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fúrẹ́ẹ̀tì 12, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ta á, kẹ́ ẹ gbé ìka kúrò. Ohùn tó máa jáde á ga ju tòótọ́ lọ ní òkítéfù kan, ìyẹn ohùn kan náà ní ìpele tó ga, fóònù á sì gbọ́ ọ dáadáa.

Tó bá jẹ́ àárín ló ti já, ìdógùn-ún ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, àbí ojú fúrẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ ẹ́ wọlé. Iyọ̀ wà nínú òógùn ìka, ó ń wọ àárín wáyà tó wé ara wọn, nígbà òjò ọ̀rinrin á bá a ṣe é, nígbà ọyẹ́ eruku ọ̀nà á lẹ̀ mọ́ ọn. Àkísà gbígbẹ ló ń wo èyí: tẹ́ ẹ bá ti ta á tán, ẹ nù ún lókè, ẹ ti àkísà bọ abẹ́ okùn kẹ́ ẹ nù ún nísàlẹ̀ náà. Spírítì díẹ̀ lára àkísà lè yọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n kó má kan igi. Ẹ má fi àdín tàbí òróró pa á, eruku ló ń kó jọ.

Sísè ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń se okùn lórí iná kó lè padà dún bíi tuntun, kì í sì í ṣe irọ́, ìdọ̀tí máa ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tú u kúrò lára pẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà síbi tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń já lẹ́yìn ìsè kejì tàbí ìkẹta. Omi tó bá sì kù nínú rẹ̀ á mú egungun dógùn-ún. Tẹ́ ẹ bá máa sè é, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó so ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé okùn tó ṣì le lórí béèsì, ẹ kọ́kọ́ dẹ̀ ẹ́ tán. Ojú kì í ṣe ohun téèyàn ń rà lọ́jà.

Tó bá wá já láàrin ìsìn, ẹ má dúró. Ọrùn béèsì á sinmi díẹ̀, ohùn àwọn mẹ́ta tó kù á lè gòkè díẹ̀, ẹ tètè yẹ̀ wọ́n wò. Tó bá jẹ́ G ló lọ, ohùn rẹ̀ wà ní fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún lórí okùn D. Tó bá jẹ́ E, ẹ lo fúrẹ́ẹ̀tì keje lórí okùn A, á ga ní òkítéfù kan, ṣùgbọ́n ìjọ ò ní mọ̀. Kẹ́ ẹ sì mú èyí tó já náà sápò.