Ibi tí Ìtò Kíkó Èésú Ń Gbé Nínú Dátábéèsì

Bí wọ́n bá ń kọ́ni láti ya àwòrán dátábéèsì, ìyẹn àkójọ ìsọfúnni orí kọ̀ǹpútà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ ni pé kéèyàn wá àwọn nǹkan tí iṣẹ́ náà dá lé, kó ya àpótí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì to àbùdá wọn síbẹ̀. Ìyẹn ò le. Ẹ lọ bá olórí èésú èyíkéyìí ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, kíá ló máa ka àpótí méjì fún yín: èèyàn àti èésú. Èèyàn ní orúkọ, fóònù àti àdúgbò. Èésú ní orúkọ, iye tí wọ́n ń dá, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí parí.

Ìdí ìlà tó so àpótí méjèèjì ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ sì máa ń sáré kọjá, bíi pé ọ̀ṣọ́ ni ìlà ọ̀hún. Peter Chen, tó gbé ọ̀nà ìyàwòrán yìí jáde lọ́dún 1976, ò kà á sí ọ̀ṣọ́. Bó ṣe fún nǹkan ní àpótí, bẹ́ẹ̀ ló fún ìbáṣepọ̀ ní àmì tirẹ̀, onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan, nítorí ìbáṣepọ̀ náà lè ní àbùdá.

Ìbáṣepọ̀ mìíràn ò lẹ́rù, kò ní àbùdá tirẹ̀. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tó ń jáde níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ọdún tí wọ́n bí èèyàn ló ń pinnu èyí tó máa wà. Ẹnì kan, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, èèyàn púpọ̀. Nínú dátábéèsì, àpótí kọ̀ọ̀kan máa ń di tábìlì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì ní ìlà tirẹ̀ nínú tábìlì èèyàn. Kí wọ́n kọ nọ́mbà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sí ìlà ẹni náà níbẹ̀, ó tán.

Èésú ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta gàrí lè wà nínú èésú ọjà, kó tún wà nínú ti àdúgbò àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣìṣe tó ń bíni nínú jù wá nìyí: wọ́n á la òpó mẹ́ta, ìyẹn àyè tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, sínú tábìlì èèyàn, wọ́n á pè wọ́n ní èésú kìíní, èésú kejì, èésú kẹta. Ọjọ́ tí ìyá náà bá wọ ẹ̀kẹrin, kò sáyè mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ gbogbo àwọn tó wà nínú èésú ọjà, òpó mẹ́ta ló máa tú.

Ká tiẹ̀ ní àyè gba gbogbo rẹ̀, ìtò kíkó ńkọ́? Ìyá yìí ló máa kó ṣìkẹta lọ́jà, ṣùgbọ́n òun ló máa kó ṣìkeje ládùúgbò. Nọ́mbà yẹn kì í ṣe àbùdá ìyá náà, kì í sì í ṣe àbùdá èésú, torí kálukú ló ní ìtò tirẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ló ń gbé. Ó yẹ kí àárín náà ní tábìlì tirẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sọ èèyàn wo, èésú wo, ìtò kelòó.

Ibi tó wá dùn jù ni ti ọwọ́ méjì. Ẹnì kan ṣoṣo lè dá ọwọ́ méjì nínú èésú kan náà, kó sì kó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ pé orúkọ èèyàn àti orúkọ èésú la fi ń dá ìlà mọ̀ yàtọ̀, dátábéèsì ò ní gba ọwọ́ kejì, á ní ẹni yìí ti wà níbẹ̀. Ìbáṣepọ̀ ti di nǹkan nìyẹn. Ó yẹ kó ní àpótí, kó máa jẹ́ Ọwọ́, kó ní nọ́mbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kí owó tí wọ́n bá san sì máa so mọ́ ọwọ́, kó má so mọ́ èèyàn. Bí ọwọ́ kan bá jẹ́ ₦10,000, tí ìyá náà sì mú ₦10,000 péré wá lóṣù yìí, ọwọ́ wo ló san, èwo ló jẹ? Ẹni tó so owó mọ́ èèyàn ò ní rí èsì.

Chen náà mọ̀ pé ààlà yìí kì í dúró sójú kan. Ìgbéyàwó ló fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹnì kan lè kà á sí nǹkan, ẹlòmíràn lè kà á sí ìbáṣepọ̀, àwọn tó ni iṣẹ́ ló máa pinnu. Ọgbọ́n ọ̀nà yìí wà níbẹ̀. Ẹni tó ń yàwòrán gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ olórí èésú, kó tó kọ kóòdù kankan, bóyá ẹnì kan lè dá ju ọwọ́ kan lọ. Nínú irú àwòrán mìíràn tí kì í ṣe ti Chen, ìdáhùn náà ló máa sọ irú àmì tó máa wà lórí ìlà tó so àpótí pọ̀: igi kan fún ẹyọ kan, ẹsẹ̀ kannakánná, àmì oníka mẹ́ta, fún púpọ̀, òdo bó bá lè máà sí rárá.

Ṣùgbọ́n òfin tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú èésú, pé ẹni tó ti kó ò gbọdọ̀ ṣíwọ́ dídá títí tí gbogbo ọwọ́ á fi kó tán, kò sí àmì tó lè yà á. Ọwọ́ tó kó lóṣù àkọ́kọ́ àti èyí tó máa kó gbẹ̀yìn, bákan náà ni wọ́n rí lójú àwòrán. Gbólóhùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ òfin náà sábẹ́ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó máa kọ kóòdù ò ní mọ̀ pé ó wà.