Ẹnjiníà bébà ní Èkó

Ẹnjiníà bébà ni ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ igi, koríko tàbí páálí àlòkù di bébà, tó sì ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń ṣe é. Iṣẹ́ náà da kẹ́mísìrì, omi, iná àti irin pọ̀. Ní Èkó, àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀. Bí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ bébà lòun ń ṣe, atẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa pè é, bẹ́ẹ̀ atẹ̀wé kọ́ ló ń ṣe bébà, ó ń rà á ni.

Kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà wọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà tàbí ti ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, irú èyí tó wà ní Fásitì Èkó ní Akọkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, tàbí ní Yabatech, tó ti wà láti 1947. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ti wá ń kọ́ ti bébà gan-an. Òfin ní kí ẹnjiníà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970.

Bí bébà ṣe ń wọ Èkó

Èkó ti ń lo bébà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa ṣe é nítòsí. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó ti kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ nílùú rẹ̀, gbé ìwé ìròyìn Anglo-African jáde ní Èkó ní 1863. Daily Times bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1926, ọdún kan náà tí èbúté Àpápá parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀. Láti òkè òkun ni bébà ti ń wá nígbà náà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ti ń wá. Róòlù rẹ̀ ń gba Àpápá àti Tin Can wọlé, ọkọ̀ akẹ́rù á sì gbé e lọ sí Mùṣin àti Ṣómólú.

Ṣómólú ni ọkàn iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Èkó. Lọ́nà Bajulaiye àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, ariwo ẹ̀rọ Kord àti GTO, tí Heidelberg ti Jámánì ṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Gíráàmù ni wọ́n fi ń ra bébà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní bébà jẹ́ 80 gíráàmù, bí bébà tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní fífẹ̀ ṣe wúwo tó ni wọ́n ń sọ. Bébà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú A4 16, nítorí náà gíráàmù márùn-ún ni ewé kan, rímù tó ní ewé 500 á sì wọn kílò méjì ààbọ̀. Oníṣòwò tó bá gbé rímù lé òṣùwọ̀n á tètè mọ̀ bóyá wọ́n ti yan òun jẹ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta

Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ bébà ńlá mẹ́ta sílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Èkó. Ti Jẹ́bà, létí odò Ọya, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Bébà líle tó ń di àpò sìmẹ́ǹtì àti páálí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ti Oku-Iboku, tó wà ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom báyìí, bẹ̀rẹ̀ ní 1986 fún bébà ìwé ìròyìn. Tọ́ọ̀nù 100,000 lọ́dún ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Ẹ̀kẹta ni ti Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó yẹ kó máa ṣe bébà ìkọ̀wé. Òun ló súnmọ́ Èkó jù, etí ọ̀sà ló sì wà. Òun náà ló sì dunni jù, torí pé kò fìgbà kan ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ṣe rò ó.

Igi melina, tí wọ́n gbé wá láti Éṣíà, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ń tètè dàgbà, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀, ìyẹn okùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú igi tó ń di bébà, kúrú. Bébà tó bá máa le gbọ́dọ̀ ní fọ́nrán gígùn tó ń wá láti ara igi páìnì nínú, òkè òkun sì ni wọ́n ti ń ra ìyẹn. Ọdún 1986 tí Oku-Iboku ṣí ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀, tí náírà já wálẹ̀. Owó kẹ́míkà, fọ́nrán àti ohun èlò ẹ̀rọ wá kọjá agbára wọn. Lẹ́yìn ọdún 2000, ìjọba ta àwọn ilé-iṣẹ́ náà fún aládàáni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Ẹni tó bá ti wo ìyá tó ń sẹ́ ògì ti rí ìdajì iṣẹ́ yìí. Fọ́nrán inú igi lẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ohun kan tó dà bí àtè, lignin ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gé igi wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú ìkòkò irin gàgàrà, wọ́n á sì sè é pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti sodium sulphide títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 170 lórí ìwọ̀n Celsius. Àtè á yọ́, fọ́nrán á sì tú ká. Carl Dahl, ará Jámánì, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1879. Omi dúdú tó ṣẹ́kù kì í ṣe omi ìdànù. Wọ́n ń sun ún nínú bọ́ílà láti rí ooru, kí wọ́n sì gba kẹ́míkà padà. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹni tó bá ń gbé nítòsí kò nílò kí wọ́n júwe ilé-iṣẹ́ náà fún òun.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ fọ́nrán, wọ́n á da omi sí i títí tí nǹkan bí 99 nínú 100 rẹ̀ á fi jẹ́ omi. Wọ́n á wá tú u sórí asẹ́ gígùn tó ń sáré. Omi á jò, fọ́nrán á dì mọ́ra, rólà á fún un, rólà gbígbóná á sì gbẹ ẹ́ títí omi rẹ̀ kò fi ní ju nǹkan bíi márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tísù ní tirẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ rólà ńlá kan ṣoṣo, abẹ tí wọ́n ń pè ní dókítà á sì há a kúrò. Híhá yẹn ló ń mú kó hunjọ kó sì rọ̀.

Gbígbẹ ni owó ń bá lọ jù. Omi tí rólà kò bá fún jáde, iná ni yóò gbé e lọ, iná sì wọ́n ní Èkó. Nítorí náà ni ẹnjiníà ṣe ń ṣọ́ ibi ìfúnmi ju ibikíbi lọ. Bí bébà bá já lórí ẹ̀rọ, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé á sáré, torí ooru ń jó dànù ní gbogbo ìṣẹ́jú tí rólà fi ń yí lófo. Ewu mìíràn ò ní ariwo: fọ́nrán tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú táńkì á kan bí ògì, ó sì lè yọ gáàsì tó ń pani. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọ inú táńkì bẹ́ẹ̀.

Páálí Èkó

Àwọn tó ń ṣe bébà ní Èkó gan-an kì í se igi. Páálí ni igbó tiwọn. Àwọn tó ń ti ọmọlanke ń kó o jọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun, àwọn mìíràn ń ṣà á lórí ààtàn Olúsósùn ní Ọjọ́ta, wọ́n á dì í, wọ́n á sì tà á ní kílò. Páálí tó ti mu omi máa ń wúwo, nítorí náà ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wọ̀n. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n á jù ú sínú táńkì tó ní abẹ bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n á sẹ́ náílọ́ọ̀nù, sẹ́lótéèpù àti pín-ín-nì kúrò. Gbogbo ìgbà tí fọ́nrán bá gba ibẹ̀ kọjá ló ń kúrú sí i. Ó lè ṣe é lò tó nǹkan bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀meje, lẹ́yìn ìyẹn kò ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu fọ́nrán tuntun sí i.

Ilé ìwádìí FIIRO, tó ti wà ní Òṣòdì láti 1956, ń wá ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa tó lè dípò fọ́nrán tí wọ́n ń rà lókèèrè. Kenaf wà lára ohun tí wọ́n ti gbìyànjú. Irú iṣẹ́ yìí ló ń gbé ẹnjiníà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ lọ sínú oko àti igbó, títí dé Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti gbin melina, tí erin sì ṣì wà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì. Iṣẹ́ tuntun nìyẹn fún oníbébà, ṣùgbọ́n bébà lásán ń mu epo ọbẹ̀. Wọ́n ní láti fi nǹkan kùn ún nínú, àwọn ohun ìkùn tí wọ́n sábà ń lò sì ni kì í jẹ́ kí abẹ inú táńkì lè tú fọ́nrán rẹ̀ ká nígbà tí páálí náà bá padà wá.