Reluwé Èkó ní ọdún 2023: ìbéèrè àwọn ará Àgbádárìgì

Nínú ọkọ̀ tí ń ti Àgbádárìgì lọ sí Mile 2, ọ̀rọ̀ reluwé kì í tán lẹ́nu èrò. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìròyìn ní wọ́n ti ṣí i. Ní oṣù kẹsàn-án, ìròyìn tún ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ìdáhùn mi nìyí sí ohun tí àwọn ènìyàn ń bi mí.

Èwo ló jẹ́ òótọ́?

Òótọ́ ni méjèèjì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà Blue Line, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ẹ̀rọ tí ń lo dísù ni ó kọ́kọ́ ń fà á, kí ó tó bọ́ sórí iná mànàmáná láàárín oṣù kẹwàá.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ètò yìí ti pẹ́?

Ó pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti rò lọ. Gómìnà Lateef Jakande ti fẹ́ ṣe irú reluwé bẹ́ẹ̀ fún Èkó, ṣùgbọ́n ìjọba ológun tí Buhari fúnra rẹ̀ darí fagi lé e ní ọdún 1985. Ọdún 38 lẹ́yìn náà, òun náà ni ó wá ṣí Blue Line, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2010. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ronú kan iye wákàtí tí àwọn òbí wa ti lò nínú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ láàárín ìgbà méjèèjì.

Ṣé yóò dé Àgbádárìgì?

Rárá, Òkòkómáikò ni ètò rẹ̀ parí sí, kìlómítà 27 lápapọ̀.

Kò sí wáyà lókè rẹ̀. Ṣé a lè fẹsẹ̀ gba ojú irin kọjá?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Orí òpó ni a ti máa ń rí wáyà iná, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tan ènìyàn níbí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjì tí táyà ọkọ̀ ń yí lé, irin kẹta wà nílẹ̀ tí iná fóltì 750 ń gbà kọjá. Irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ọkọ̀ máa ń fara kàn án bí ọkọ̀ ti ń lọ, ibẹ̀ ni ó ti ń fa iná. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kàn án lè kú lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe ọgbà yí ojú irin náà ká, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fò ó.

Reluwé tí kò lo iná pàápàá kì í lè dúró lójijì. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023 kan náà, lórí ojú irin àtijọ́ ní agbègbè Ìkẹjà, reluwé kọlu bọ́ọ̀sì tó ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ síbi iṣẹ́, ènìyàn mẹ́fà sì kú.

Kí ni mo nílò láti wọ̀ ọ́?

Káàdì Cowry, ìyẹn káàdì tí a fi ń san owó ọkọ̀ ní Èkó, tí owó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ ní Mile 2, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ sí ibùdókọ̀, kí ẹ fi káàdì náà kan ẹ̀rọ ẹnu géètì. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ tún fi kàn án kí ẹ tó jáde, nítorí bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni owó ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ tó.