Owó iléèwé kì í ṣe pàjáwìrì o

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣírò owó l'Ákùúrẹ́ níbí, èmi náà sì ni akápò àjẹṣẹ́kù kan, torí náà fọ́ọ̀mù ìyáwó ló kún orí tábìlì mi. Oṣù kẹsàn-án ló máa ń pọ̀ jù. Níbi tí a ti ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ yáwó, ohun tí ẹ máa rí ni "pàjáwìrì, school fees". Pàjáwìrì kẹ̀? Ọmọ tó wà ní JSS1 lọ́dún tó kọjá, ibo lẹ rò pé ó ń lọ lọ́dún yìí?

Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ń gbé ọ̀nà Ìjọ̀kà, ọjọ́ tí owó ilé pé géérégé ni lándílọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn, mo wá ń wò ó bíi pé ìkà ló ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn wà gbangba nínú rìsíìtì tó já fún mi.

Tí wọ́n bá ní ká ṣọ́wó ná, ẹran la kọ́kọ́ ń dín kù, ẹ̀yìn ẹ̀ ló kan mílíìkì àwọn ọmọ. Ẹran kọ́ ló ń fa gbèsè fún ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti rí. Owó tí kì í wá lóṣooṣù ni: owó ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, owó iléèwé lẹ́ẹ̀mẹta, Kérésì tàbí Iléyá, ìwé mọ́tò. Torí pé wọn kì í wá lóṣooṣù, a kì í kà wọ́n mọ́ ìnáwó.

Ẹ wo tọkọtaya kan, mo ti yí iye owó wọn díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Alágbàká, ìyàwó ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, tí wọ́n bá da owó méjèèjì pọ̀ nǹkan bíi ₦190,000 ló ń wọlé lóṣù. Owó ilé wọn ₦300,000 lọ́dún. Ọmọ méjì, ₦60,000 ní táàmù kan, ìyẹn ₦180,000. Kérésì àti ìrìnàjò lọ kí màámi ọkọ l'Óǹdó, ₦84,000. Mo ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ọkọ ò rẹ́rìn-ín. Àpapọ̀ ẹ̀ ₦564,000, ẹ fi 12 pín in, ₦47,000 nìyẹn. Ìyẹn ni pé ₦190,000 tí wọ́n ń pè ní tiwọn, irọ́ ni, ₦143,000 ni tiwọn, ₦47,000 tó kù ti lándílọ́ọ̀dù àti ti iléèwé ni, wọ́n kàn ń bá wọn jẹ ẹ́ ni. Tó bá wá di September wọ́n á yá owó táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ₦180,000, lọ́wọ́ wa, ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èlé ẹ̀ ₦18,000. Èlé nìkan ti ju ₦15,000 tí wọn ì bá máa yọ sílẹ̀ lóṣù fún iléèwé náà lọ.

Ìyàwó ní òun ò lè rí ₦15,000 gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjà ò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Mo ní kó máa fún alájọ ní ₦500 lójúmọ́, alájọ tí gbogbo ìsọ̀ mọ ilé ẹ̀ o, kì í ṣe èyí tó dé lánàá. Káàdì alájọ ní ojú 31, ₦15,500 nìyẹn, alájọ á mú ọjọ́ kan tiẹ̀, ₦15,000 á délé. Tí kò bá lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sunday, kó san ₦1,000 ní Monday. Ọkọ ní tiẹ̀, àwa àjẹṣẹ́kù là ń yọ ₦32,000 nínú owó oṣù ẹ̀ kó tó fojú kàn án, torí mo mọ̀ ọ́n.

Lórí ₦143,000 yẹn ni ẹ ti máa wá mọ ohun tó ṣe pàtàkì sí yín. Mo fún wọn ní bébà kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n kọ nǹkan márùn-ún láì wo ti ẹnìkejì. Ọkọ kọ màámi ẹ̀ sókè pátápátá, ìyàwó ò tiẹ̀ kọ ọ́ rárá, ìyàwó kọ ankó, ọkọ ní "ẹ rí i báyìí!". Ìjà fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má fi owó ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, àmọ́ kó ní iye kan pàtó, kí ìyàwó sì mọ̀ ọ́n. Ankó náà, ẹ mú iye tí ẹ máa rà lọ́dún láti January, àwa ará ìpínlẹ̀ yìí ò lè ṣe kí a má ṣàríyá, ẹni tó bá ti kọjá iye yẹn, ẹ wọ aṣọ tẹ́lẹ̀ lọ jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ẹ̀.

Ẹni tó ń gba ₦73,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa fọwọ́ sí lọ́dún 2024, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń bọ́ ilé, ìṣirò mi ò lè sọ ọ́ di ₦150,000, mi ò ní purọ́ fún yín. Tiẹ̀ ni kó wo ìnáwó ńlá kan tó lè yí padà. Ilé ni lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn: ilé tó wà lọ́nà jíjìn tó fi ₦100,000 dínwó lọ́dún, tí ẹ bá ń fi ₦600 kún owó ọkọ̀ lójúmọ́ fún ọjọ́ 22 lóṣù, ₦158,400 lọ́dún nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dun àwọn èèyàn.

Tọkọtaya yẹn tún gbé fọ́ọ̀mù wá ní September tó kọjá. ₦40,000. Àbíkẹ́yìn wọn ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, owó àjọ oṣù méjì bá a lọ. Níbi ìdí, ọkọ kọ "pàjáwìrì". Mo buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀.