Òjò ásíìdì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Abẹ́òkúta

Kí ló ń sọ òjò di ásíìdì?

Òjò tí kò ní ìdọ̀tí kankan pàápàá kan díẹ̀. Kábọ́nù dáyọ́ksáìdì tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń yòrò sínú rẹ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan omi, á wá sí nǹkan bíi 5.6. Omi tí kò kan rárá jẹ́ 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Èéfín imí ọjọ́ àti ti náítírójìn ló ń sọ òjò di ásíìdì. Inú èédú ilẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì àti epo dúdú tí a ń sun ni wọ́n ti ń jáde. Níbi tó ti le, pH òjò máa ń wà ní 4.2 sí 4.4. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn o, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n yìí, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Robert Angus Smith, onímọ̀ kẹ́míkà, ló kọ́kọ́ rí i nínú òjò Manchester ní 1852.

Ṣé òjò náà fúnra rẹ̀ ló ń pa ẹja?

Ó ń pa á, ṣùgbọ́n ohun tó gbé jáde láti inú ilẹ̀ ló sábà máa ń burú jù. Alumíníọ́mù wà nínú yẹ̀pẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí omi kíkan bá ń gba ibẹ̀ kọjá, á tú u sílẹ̀, àgbàrá á gbé e dé odò, á sì lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ẹja ò ní lè mí dáadáa mọ́, iyọ̀ ara rẹ̀ á sì máa jò dànù. Tí pH odò bá wálẹ̀ dé 5, ọ̀pọ̀ ẹyin ẹja kì í pa. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà: ẹja ńlá ṣì lè wà nínú odò, kí èèyàn rò pé ara odò le, nígbà tí kò sí ọmọ ẹja kankan tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ adágún ní Norway àti Sweden pàdánù ẹja wọn sọ́wọ́ èéfín tó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá.

Lórí ilẹ̀, òjò yìí ń fọ kálísíọ́mù dànù. Ìgbín kò rí ohun tí á fi ṣe ìkarahun mọ́. Ní Netherlands, ìgbín dín kù nínú igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ ti kan, àwọn ẹyẹ tó ń jẹ wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Kí ló dé tí odò kan fi ń bàjẹ́, tí èkejì kò sì ní nǹkan kan?

Òkúta tó wà lábẹ́ wọn ni. Akọ òkúta ni Àpáta Olúmọ, irú òkúta bẹ́ẹ̀ ò sì lè pa kíkan omi. Lápá gúúsù, ní Ewékorò, òkúta ẹfun ló wà nílẹ̀. Ẹfun yìí ń pa kíkan òjò kó tó dé odò. Òjò kan náà lè rọ̀ sí ibi méjèèjì, kí ti orí àpáta kọ́kọ́ fara gbá a. Nítorí náà, ẹ béèrè irú òkúta tó wà lábẹ́ odò kí ẹ tó béèrè bí òjò ṣe kan tó.

Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá òjò wa kan?

Páánù tó dógùn-ún kì í ṣe ẹ̀rí, torí páánù á dógùn-ún bó pẹ́ bó yá. Ásíìdì kàn ń mú un yá ni. Wíwọ̀n ló yẹ. Ẹ fi omi tí wọ́n sè gba ooru rẹ̀ ṣan abọ́ oníke, kí ẹ gbé e sórí tábìlì tó ga tó mítà kan, jìnnà sí igi àti òrùlé. Ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ṣí i, kí eruku má bàa kó sínú rẹ̀. Ẹ má gbe omi ẹsẹ̀ páánù wọ̀n. Eruku àti ṣíǹkì ló kún inú rẹ̀. Bébà pH kì í fi bẹ́ẹ̀ péye fún omi òjò nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré jọjọ. Mítà tó ń wọn pH ló dára, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ìdíwọ̀n pH 4 àti 7 tún un ṣe, kí wọ́n sì ní sùúrù títí nọ́ńbà á fi dúró.

Ẹ má sì torí òjò àkọ́rọ̀ dájọ́. Eruku ọyẹ́ tó ti Sàhárà wá ní ẹfun nínú, ó lè pa kíkan òjò náà. Eruku símẹ́ǹtì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ti oṣù kẹfà àti ti oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú.

Ṣé ó lè jó awọ ara?

Rárá. Kíkan rẹ̀ kò tó ti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Èéfín tó ń dá a sílẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Òfin wo ló ti ṣiṣẹ́?

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Geneva ní 1979 lórí èéfín tó ń ti orílẹ̀-èdè kan kọjá sí òmíràn; ní 1985, ní Helsinki, àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti dín imí ọjọ́ kù ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 ló dùn ún kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ jù. Ìjọba fi òdiwọ̀n sí gbogbo èéfín imí ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná lè tú jáde, wọ́n pín in ní ìwé àṣẹ, ìwé kan fún tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá dín tirẹ̀ kù lè ta ìyókù. Ẹ̀rọ ń wọn èéfín inú símìní láìdáwọ́ dúró, kò sí àyè fún irọ́. Nígbà tó fi di 2020, èéfín náà ti dín kù ju ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi fọ èéfín wọn ni òkúta ẹfun lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi. Ohun tó ń kù sílẹ̀, jípúsọ́ọ̀mù, wúlò fún símẹ́ǹtì.

Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ epo ló ṣe kókó. Ní 2020, ECOWAS fẹnu kò pé imí ọjọ́ inú pẹtiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú kílógíráàmù kan. Òfin yìí kò ní agbára kankan àfi tí wọ́n bá ń yẹ epo wò ní èbúté àti níbi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí.

Ẹni tó ní adágún ẹja ńkọ́?

Ẹ wọn pH láàárọ̀ kùtùkùtù àti lọ́sàn-án, torí ewédò ń gbé e sókè bí oòrùn bá mú. 6.5 sí 9 ló dára. Tí adágún tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ bá kan, ẹ fọ́n òkúta ẹfun lílọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi tó wọlé, gíráàmù 100 sí 200 fún mítà onígun mẹ́rin kan, kí ẹ sì dúró ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ má fi ẹfun tí wọ́n ti sun sínú omi tí ẹja wà. pH á fò sókè lójijì, ẹja á kú. Ẹ má da ajílẹ̀ fọ́sífétì pọ̀ mọ́ ẹfun lọ́jọ́ kan náà, torí kálísíọ́mù á dì í mú, kò ní wúlò. Ní ti táǹkì kọnkéré tuntun, pH tó ga jù ni ìṣòro rẹ̀, kò nílò ẹfun rárá.