Kílówáàtì márùn-ún lórí ilé kan: bí erékùṣù Eigg ṣe dá iná ara ẹ̀ ní

Erékùṣù kan wà ní apá ìwọ̀ oòrùn Sikọ́tílándì, Eigg ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún, òpópónà kan péré ní Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta lè ní èèyàn jù wọ́n lọ. Wáyà iná ìjọba ò débẹ̀ rí, torí owó tí wọ́n máa fi fa wáyà gba abẹ́ òkun, mílíọ̀nù pọ́ùn ni wọ́n ń kà á sí, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó máa ná irú owó yẹn lórí ìwọ̀nba èèyàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ní iná wákàtí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́. Ẹ má tíì sọ pé ṣebí òyìnbó ni wọ́n o, ẹ ní sùúrù.

Kó tó di 2008 yẹn, bá a ṣe ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí náà ni wọ́n ṣe ń gbé. Jẹn lẹ́yìn ilé olúkúlùkù. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé díísù wá fún wọn, tí ìjì bá jà tí ọkọ̀ ò lè gúnlẹ̀, epo ò wọlé nìyẹn. Wọ́n á tan jẹn fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á fọṣọ, wọ́n á sáré ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á pa á. Ilẹ̀ erékùṣù yẹn gan-an kì í ṣe tiwọn, olówó kan á rà á, á tún tà á fún olówó míì, àfi ìgbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1997 tí àwọn ará ibẹ̀ dáwó, tí àwọn èèyàn láti ìta náà dá sí i, tí wọ́n wá ra ilẹ̀ náà kalẹ̀ fún ara wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná wọn ti bẹ̀rẹ̀, torí ayálégbé kì í ri òpó.

Ṣé ẹ mọ̀ pé erékùṣù ni iná tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀? Èkó ni, lọ́dún 1896, ẹ̀rọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 30 kílówáàtì wá (kílówáàtì la fi ń díwọ̀n agbára iná). Àpapọ̀ ẹ̀ 60 kílówáàtì. Lónìí, ilé ńlá márùn-ún mẹ́fà ní Ìbarà GRA lè lo gbogbo ẹ̀ tán lọ́sàn-án kan tí oòrùn bá mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ECN, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, dé lọ́dún 1950, ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá lọ́dún 1968, ilé iṣẹ́ iná wá di NẸ́PÀ lọ́dún 1972, ó di PHCN lọ́dún 2005, wọ́n sì ta èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ fún aládàáni lọ́dún 2013. Orúkọ ń yí padà ṣáá, ẹnu wa ò sì yí kúrò lórí NẸ́PÀ. Nínú gbogbo ìyípadà yìí kò sẹ́ni tó wá jókòó ti àdúgbò kan kó bi wọ́n pé ilé kọ̀ọ̀kan, kílówáàtì mélòó lẹ fẹ́ máa lò lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ọ̀mù wà o, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba mítà wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ní nílé, àmọ́ ta ló ń kà á.

Ó yá, ẹ wo ohun tí Eigg kó jọ. Ẹ̀rọ tí omi ń yí, mẹ́ta, ọ̀kan ńlá tó lè mú 100 kílówáàtì wá tí òjò bá rọ̀ dáadáa, méjì kékeré. Ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, mẹ́rin, kílówáàtì mẹ́fà mẹ́fà. Pánẹ́ẹ̀lì sólà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní díẹ̀ tí wọ́n sì ń fi kún un. Bátìrì rẹpẹtẹ pẹ̀lú ínfátà, àti jẹn díísù fún ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀. Wáyà tó so ilé gbogbo pọ̀, nǹkan bíi kìlómítà mọ́kànlá, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n rì í sí, kò sí òpó tí ìjì máa wó. Ó ná wọn tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún pọ́ùn, owó ìrànwọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìdí tí wọ́n fi pa omi, afẹ́fẹ́ àti oòrùn pọ̀ ni pé ìgbà òtútù ni òjò àti afẹ́fẹ́ wọn ń pọ̀, ìgbà tí odò bá wá fà ni oòrùn wọn ń pẹ́ lójú ọ̀run, èyí tó bá sùn èyí tó jí á gbà á ṣe.

Àmọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé yìí. Wọ́n ṣe òfin kan: ilé kan ò gbọdọ̀ lò ju kílówáàtì 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ lò ju 10. Tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀ iná yín á já, ẹ ò sì lè tan án padà fúnra yín, àfi kẹ́ ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ẹ̀ kó wá tan án. Olówó àti tálákà, márùn-ún márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ "lẹ́ẹ̀kan náà" yẹn ni ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ dì mú, torí ibẹ̀ làwọn kọ́sítọ́mà tí mò ń bá ṣe sólà àti ínfátà máa ń ṣìnà. Kílówáàtì ni bí ẹnu páìpù omi ṣe fẹ̀ tó, yúníìtì tẹ́ ẹ̀ ń rà sórí mítà ni iye omi tó ti dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ lè rà yúníìtì ẹgbẹ̀rún kan, ìyẹn ò sọ wáyà di ńlá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: éésì 1.5 hp ń fa nǹkan bíi kílówáàtì 1.3, áyọ́ọ̀nù 1.1, pọ́ǹpù kànga 1 hp tó 0.75 (tó bá fẹ́ gbéra ó ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa), kẹ́tùlù 2. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó ti lé ní márùn-ún, ní Eigg ẹ ti wà nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fa omi, tẹ́ ẹ lọ aṣọ, kẹ́ ẹ tó wá tan éésì, gbogbo ẹ̀ lẹ máa lò láìsí wàhálà kankan, iná, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti fíríìjì ò sì ní kú. Màámi kan ní Ìtòkú bi mí pé "Enjiníà, ṣé ínfátà yìí á gbé éésì mi?" mo ní éésì nìkan, bẹ́ẹ̀ ni mà, éésì pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú pọ́ǹpù, rárá mà. Wọ́n ní ṣebí gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí NẸ́PÀ bá wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, tíránsifọ́mà àdúgbò ló ń jìyà ẹ̀.

Ìyà wo? Tíránsifọ́mà 500 KVA tí àwọn lanlọ́ọ̀dù máa ń dáwó rà, nǹkan bíi 400 kílówáàtì ló lè gbé láìsí ìnira. Tí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbà láti dúró sórí márùn-ún, ilé ọgọ́rin ló máa gbé kódà bí gbogbo wọn bá tan ohun gbogbo pọ̀, gbogbo ilé ò sì lè tan ohun gbogbo pọ̀ láéláé, nítorí náà mo lè fi í bọ́ ilé tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kí ọkàn mi sì balẹ̀. Àmọ́ féèsì mẹ́ta ló ní, pupa, yẹ́lò, búlúù, iná sì gbọ́dọ̀ pín déédéé lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí la wá ń ṣe? Tí féèsì wa bá ti kú báyìí, a ti pe ọmọ kan kó wá gbé wa sórí èyí tó ń tàn, aládùúgbò náà ṣe bẹ́ẹ̀, ilé kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀, féèsì kan péré wá ń gbé ẹrù mẹ́ta, fíúùsì já, wọ́n fi wáyà ńlá dípò fíúùsì, ìyẹn ò wá já mọ́, ló bá di pé kébù ló ń jó. Tó bá wá jẹ́ wáyà nútúrà, èyí tí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń dá iná padà gbà, ló já, fóòtéèjì ilé àwọn kan lè gun 300 kọjá, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wọn lọ nìyẹn, wọ́n á sì ní NẸ́PÀ ló "gbé iná ńlá wá".

Ohun míì tí mo fẹ́ràn nínú ètò Eigg: tí omi àti afẹ́fẹ́ bá mú iná wá ju ohun tí ilé ń lò, tí bátìrì ti kún, wọn kì í jẹ́ kó ṣòfò, wọ́n ń darí ẹ̀ lọ sínú híità gbọ̀ngàn ìlú àti ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ojú ọjọ́ ò bá sì dáa, wọ́n á ránṣẹ́ sí ara wọn pé ẹ rọra lò ó. Ní tiwa, híità kọ́ la nílò. Ẹ fi iná ọ̀sán tó ṣẹ́ kù fa omi sínú táńkì, kó tó di alẹ́ táńkì ti kún, pọ́ǹpù ò sì ní bá bátìrì jà lóru.

Ká má rò pé omi ò sí lọ́dọ̀ wa o. Ìsédò Ọ̀yán tó wà lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta, ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta síbẹ̀, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́sàn-án lápapọ̀. Ìyẹn ju ẹ̀rọ omi ńlá Eigg lọ ní ìlọ́po àádọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wà níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tan gílóòbù kan pẹ̀lú ẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi á ru.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ̀ ń pè mí pé ẹ fẹ́ pawọ́ pọ̀ ra sólà fún gbogbo kílóòsì, kẹ́ ẹ tó bi mí ní iye pánẹ́ẹ̀lì, ẹ lọ jókòó kẹ́ ẹ fẹnu kò lórí iye tí ilé kan máa lò lẹ́ẹ̀kan náà. Márùn-ún ti pọ̀ jù fún àwa tí a fẹ́ fi sólà bẹ̀rẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta dáa. Bírékà tó máa já tí ilé bá kọjá iye yẹn ni kẹ́ ẹ fi sí ìta, sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ náà kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ onílé. Ẹ yan ẹni tó máa ń tan án padà, ẹ sì máa fún un lówó oṣù, torí ẹni tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá yá kò ní gbé fóònù. Ní ìgbà ọyẹ́, òun náà ni kó máa nu eruku orí pánẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ní ti wẹ́dà àti ẹni tó ń lọ ata ní kọ́nà, wọn ò lè wà lórí láìnì kan náà pẹ̀lú ilé, ẹ ya tiwọn sọ́tọ̀, kí wọ́n san ju ti ilé lọ, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn wà.